Ẹni Tó Mú Ọ Wọlé

Ìjà ló mú kí èmi àti Àlàájì mọ ara wa. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ mí ní Nukafu, àdúgbò wa ní Lomé, mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Kọ́tínnì ni mò ń rán nígbà náà. Maṣíìnì mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, ọjà Adawlato ni mo ti ń ra aṣọ, mo sì ń lọ láti ilé dé ilé láti wọn fèrèsé àwọn èèyàn. Àwọn oníbàárà mi ń pè é ní rídò, àwa tí bàbá wa ti Nàìjíríà wá sí Lomé ń pè é ní kọ́tínnì. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti kọ́ kọ́tínnì funfun sí pálọ̀ obìnrin kan, èyí tí mo fọwọ́ rán gbogbo etí rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo yà kí onílé, ọ̀dà àwọ̀ ewé sì ti ta sí kọ́tínnì mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin gíga kan wà lórí àkàsọ̀, ó ń kun ògiri, ó sì ń kọrin sínú.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé ẹ ò rí aṣọ ni?"

Kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo rí i, ìyá. Òun ni kò rí mi, ì bá ti yà fún mi."

Onílé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo sọ̀rọ̀ sí i débi pé ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní kí n jọ̀ọ́. Ó ní ká ní ẹnì kan sọ fún òun pé kọ́tínnì ń bọ̀ ni, òun ì bá ti kun ilé náà kó tó dé. Ó ká aṣọ náà lọ sílé, òun àti ìyàwó rẹ̀ fi kẹrosíìnì yọ ọ̀dà kúrò lára rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, ìyàwó rẹ̀ ló sì gbé e wá fún mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà ní Adawlato. Mo ti ń kọjá níwájú àtẹ rẹ̀ tipẹ́, mi ò mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ló máa kó bá mi.

Àlàájì ni gbogbo èèyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò dé Mẹ́kà rí. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, Lomé ni wọ́n bí òun sí bíi tèmi. Tí mo bá bi í pé ọkọ̀ wo ló gbé e lọ sí Mẹ́kà, á ní èyí tó gbé mi lọ sí Jerúsálẹ́mù náà ni. Ìyá Ìjọ ló ń pè mí, torí pé mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ wa ò mọ àgbà.

Láti ìgbà ìjà yẹn ni a ti ń ta ara wa lólobó. Ẹni tó ń kun ilé ló máa ń kọ́kọ́ rí fèrèsé tó wà níhòòhò, ẹni tó sì ń wọn fèrèsé ló ń rí ibi tí omi ti jẹ ògiri. Tí Àlàájì bá ń ṣiṣẹ́ nílé kan, á sọ fún onílé pé òun mọ obìnrin kan tó ń rán kọ́tínnì. Tí èmi bá dé ilé tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, màá ní mo mọ ọkùnrin kan. Nígbà tó yá, pọ́lọ́mbà kan dara pọ̀ mọ́ wa, gbẹ́nàgbẹ́nà kan náà tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn wọn ni ọkùnrin oníná kan, tó ń fa wáyà iná, tí Àlàájì mọ̀ ní mọ́sálásí dé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. A ò ní ṣọ́ọ̀bù, a ò ní pátákó lójú títì, kò sẹ́ni tó mọ̀ wá àfi ẹni tí a bá ti ṣiṣẹ́ fún. Ilé kan ló ń gbé wa dé òmíràn.

Ṣùgbọ́n a kì í júwe onílé fún ara wa lásán. Ẹni tó bá mọ onílé ló máa mú ẹni tuntun lọ. Á wọlé ṣáájú, á kí onílé, wọ́n á sì gbé omi wá, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò ní Lomé kí wọ́n tó bi í pé kí ló dé. Ẹni tó múni wá á mu nínú omi náà, á gbé ìyókù fún ẹni tó mú wá. Tí onítọ̀hún bá ti mu ún, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó mú un wọlé ló máa dúró fún un. Onítọ̀hún ò sì ní dúró kí onílé wá pè é. Tí ìròyìn bá ti dé etí rẹ̀, á wọ aṣọ tó dáa, á gba ilé náà lọ, á bẹ̀bẹ̀, á ní èmi ni mo mú un wá.

Ìgbà kan wà tí gbẹ́nàgbẹ́nà tí mo mú lọ sílé màdáàmù kan fọ́ dígí ńlá tí ìyá màdáàmù fi sílẹ̀ fún un. Kí obìnrin náà tó ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó bínú, ó sunkún, èmi náà bá a sunkún, nígbẹ̀yìn ó ní kí n dìde. Òun kan náà ló tún mú wa lọ sílé àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nǹkan kì í ṣe aláìbàjẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé wa torí wọ́n mọ̀ pé a ò ní sá.

Ayé ìgbà náà, ayé ṣọ́jà ni. Mo ṣì kéré nígbà tí a jó lójú títì nítorí òmìnira, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ilé ara ẹni. Fọ́tò ààrẹ wà ní pálọ̀ gbogbo ẹni tó ń jẹun lọ́dọ̀ ìjọba. Kí Àlàájì tó kun irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀, á kọ́kọ́ fọ ọwọ́, á pe onílé kó wá máa wo bí òun ṣe ń gbé fọ́tò náà sọ̀ kalẹ̀, á fi aṣọ mímọ́ wé e. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ kú ewu ọmọ o. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ mi ló ń gbà, kì í gba ìyẹn. Ó ní, "Ìyá Ìjọ, ẹ má fi eléyìí ṣeré."

Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ilé ọ̀gá ṣọ́jà náà. Ilé tuntun ni, ní Adakpamé, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń jẹ ògiri kí ọ̀dà tó gbẹ lára rẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá ló rí kọ́tínnì mi nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ránṣẹ́ pè mí. Mo wo ògiri rẹ̀, mo ní mo mọ ọkùnrin kan. Mo mú Àlàájì lọ, mo mu omi, mo gbé e fún un, ó mu. Ó kun ilé náà débi pé ìyàwó ọ̀gá ń fọwọ́ pa ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin náà ní òun ń fẹ́ iná sí ọgbà àti sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun, Àlàájì sì mú oníná lọ, òun náà mu omi lọ́wọ́ rẹ̀. Oníná parí iṣẹ́, ó gba ọ̀nà Kétu lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ìyàwó ọ̀gá náà lọ kí àwọn òbí rẹ̀ lókè ní ìhà àríwá. Inú gbogbo wa ń dùn, torí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé ọ̀gá ṣọ́jà, ilé wo ni kò ní ṣílẹ̀kùn fún un?

Ọ̀gá náà wá gba àlejò, àwọn tó ga jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ni gbogbo iná ilé kú pii. Wáyà kan ló jóná, bóyá òjò ló wọ inú rẹ̀. Nílé tèmi tìẹ, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á máa jẹun wọn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ìlú pẹ̀lú ìbọn kì í gbà pé wáyà lè jóná lásán. Wọ́n ní ẹnì kan ló fẹ́ pa àwọn nínú òkùnkùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníná káàkiri.

Oníná ni wọ́n ń wá o. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba Àlàájì, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ló mú oníná wá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn dáadáa, torí òun ló ń dùn mí títí dòní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájì yà sílé mi. Agbádá tó máa ń wọ̀ lọ kírun Yídì ló wọ̀, ó sì fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Ìyá Ìjọ, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń lọ bá ṣọ́jà."

Mo yíjú sí i. "Àlàájì, ta ló pè yín?"

"Ta ló ń pè wá tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹ dúró kí wọ́n pè yín nígbà tí dígí fọ́?"

"Dígí lẹ̀ ń wí. Ṣọ́jà nìyí."

"Onílé ni ṣọ́jà náà, mo sì ti jẹ oúnjẹ ilé rẹ̀. Tó bá rí i pé gbogbo wa sá, á gbà pé òótọ́ la fẹ́ pa á. Tó bá rí mi, tó gbọ́ àlàyé, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Mo ti bá oníná mìíràn sọ̀rọ̀, lónìí yìí la máa tún wáyà náà ṣe."

Mo ní ilẹ̀ Gánà kò jìnnà, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn kọjá ààlà, kó lọ jókòó síbẹ̀ díẹ̀ títí ara ìlú á fi rọ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé kò ní gbọ́, mo ní kó dúró kí n wọṣọ, ká jọ lọ, ṣebí èmi ni mo mú òun náà wọ ibẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mú mi, èmi ni mo mú oníná. Èmi ló kọ́kọ́ kàn. Tí ẹ̀bẹ̀ mi ò bá wọlé, ìgbà náà ni kí ẹ wá bẹ̀ fún mi." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má sì kọ orin ìjọ yín sí wọn létí o, wọ́n á tì wá mọ́lé."

Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Àlàájì lọ. A ń wo agbádá rẹ̀ títí ó fi yà ní ìkángun òpópónà. Ọ̀sán pọ́n, kò dé. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò dé. Oníná kejì tó dúró dè é níta ilé ọ̀gá ló wá sọ fún wa pé wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀, pé ó ṣì ń kí àwọn ṣọ́jà náà bí wọ́n ṣe ń tì í wọ inú rẹ̀. Orí yéye ní Mògún, ìpín àìṣẹ̀ ló pọ̀. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ó máa kan ẹni tí mo mọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò wọlé nìyẹn, ó sì kàn mí. Kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ mélòó kan tí kò dé, mo gbé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin mi jáde, mo lọ̀ ọ́, mo sì ti ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ojoojúmọ́ ló ń gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ ṣọ́jà tí wọ́n tì í mọ́. Wọn kì í jẹ́ kó rí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kan tó gbọ́ Haúsá máa ń bá a gba oúnjẹ, á sì fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ránṣẹ́ jáde.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo aṣọ lára mi. Ó ní, "Ẹ bọ́ ọ."

"Kí ló dé?"

"Ó ránṣẹ́ sí yín. Ó ní kí n sọ fún Ìyá Ìjọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, kò sẹ́ni tó mú òun wọ ilé ọ̀gá, ẹsẹ̀ ara òun lòun fi rìn wọ ibẹ̀."

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ṣé èmi ni kò mọ̀ rí? Lẹ́yìn náà ni ara mi wálẹ̀, tí ó sì yé mi. Nínú àgọ́ yẹn, wọ́n ń wá gbogbo ẹni tó mú ẹnikẹ́ni wọ ilé náà. Ìyàwó ọ̀gá tó mọ̀ pé èmi ni mo mú Àlàájì wá ti wà lókè lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Àlàájì nìkan ló kù tó lè dárúkọ mi, ó sì ti pinnu pé ọ̀dọ̀ òun lọ̀rọ̀ náà máa parí sí. Tí mo bá lọ dúró fún un, mo ti sọ ọ́ di òpùrọ́ níwájú àwọn tó ń lù ú. Mo bọ́ aṣọ náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀rì, mo sunkún sókè débi pé àwọn ará ilé sáré wá, mo ní eyín ló ń ro mí.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi tì í mọ́lé kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Wọn ò sọ ohun tó ṣe, wọn ò sì ní kó má bínú. Oníná kò padà láti Kétu mọ́, mi ò bá a wí. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé Àlàájì ti dé, mo pa adìẹ, mo sè é, mo gbé e lọ sílé wọn. Ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, ó fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Ìjọ. Kò gbọdọ̀ rí yín."

Ibi tí a dúró sí ló ti sọ fún mi. Ó ní ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í lójoojúmọ́: ta lo mọ̀? Ta ló mú ọ wá? Ta ni ìwọ náà mú wá? Ó ń dáhùn pé òun ò mọ ẹnì kankan, wọ́n ń nà án nítorí ìyẹn, ó tún ń sọ ọ́. Ó ní wọ́n ti tú u sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè náà ò tíì tú u sílẹ̀. Tí ọmọ rẹ̀ bá bi í pé Bàbá, ṣé ẹ mọ ibi tí bàtà mi wà, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á ní òun ò mọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ẹnì kan bá kí i lójú títì, á sọdá sí òdìkejì, kí wọ́n má baà rí i pé ẹni náà mọ̀ ọ́n. Mo wò kọjá èjìká obìnrin náà. Àlàájì jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá, ó kọjú sí ògiri, irun orí rẹ̀ ti funfun. Mo gbé ìkòkò fún ìyàwó rẹ̀, mo sì yí padà.

Iṣẹ́ wa tú ká lẹ́yìn ìyẹn. Pọ́lọ́mbà kó lọ sí Kùtọ̀nú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní òun nìkan lòun ń ṣiṣẹ́. Tí màdáàmù kan bá béèrè pé ṣé o mọ ẹnì kan tó lè bá mi tún òrùlé ṣe, onítọ̀hún á wo ilẹ̀, á ní kò sí. Àwọn èèyàn tí wọ́n ti jọ mu omi nínú ife kan náà wá ń bẹ̀rù àtidárúkọ ara wọn. Èmi padà sí rírán àpò ìrọ̀rí tà lọ́jà. Ohun tí ṣọ́jà gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn, mi ò sì tíì rí ẹni tó dá a padà.

Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó tún rí Àlàájì. Ìyàwó tíṣà kan ní Nukafu ló rí àpò ìrọ̀rí mi lọ́jà, ó ní ṣé mo lè rán rídò fún òun, mo sì mú téèpù mi lọ sílé rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé ni mo rí ọkùnrin kan lórí àkàsọ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo mọ ẹ̀yìn náà. Kò kọrin. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ fún onílé. Inú mi dùn gidigidi. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó wà láàyè, ó wà níwájú mi. Mo ti fẹ́ pè é nígbà tí màdáàmù gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ Yorùbá. Ẹ máa mọ ara yín nìyẹn, àbí?"

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lára ògiri. Àkàsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń lu ògiri kẹ́kẹ́kẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà ń kán sílẹ̀, kò nù ún.

"Rárá o, màdáàmù," ó wí fún ògiri. "Mi ò mọ̀ wọ́n rí."

Àkàsọ̀ ò dákẹ́. Màdáàmù yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ohun tí mo máa sọ. Ọ̀rọ̀ kún inú mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọkùnrin tó wà lórí àkàsọ̀ yìí jẹ ìyà tèmi mọ́ tirẹ̀, pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀, bóyá mi ò ní wà níbí láti wọn fèrèsé ẹnikẹ́ni. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Èmi náà ò mọ̀ wọ́n, màdáàmù."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí àkàsọ̀ tó dúró. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo wọn fèrèsé, mo gbàgbé iye rẹ̀, mo tún un wọn. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ká téèpù mi. Ẹ̀bá àkàsọ̀ ni ọ̀nà gbà jáde. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa, èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò rí rí láyé. Mo kí màdáàmù pé ó dàbọ̀. Mo kọjá lára Àlàájì, mi ò sì kí i pé ẹ kú iṣẹ́.